Epo Tí Jẹ́jẹ́ Kò Jí

Bí ẹ bá rí dẹ́rẹ́bà tó mọ ọkọ̀ wà ju Jẹ́jẹ́ lọ, ẹ wá pè mí kí n wá fojú ara mi rí i. Kì í ṣe eré sísá ni mo ń wí o. Ta ni ò lè sáré? Ẹni tó bá ti lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ ló lè sáré. Ẹni tó ń tẹ tọ́tù bí ìgbà téèyàn ń tẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn sórí ibùsùn ni mò ń sọ, ẹni tó jẹ́ pé ó ti rí iná pupa látòkèèrè, ó ti gbẹ́sẹ̀ kúrò, ọkọ̀ á sì fúnra ẹ̀ yí jẹ́jẹ́ débẹ̀. Àwọn dẹ́rẹ́bà ẹgbẹ́ ẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni tẹ́lẹ̀: "Jẹ́jẹ́, ìgbín ti kọjá ẹ o!" Ṣùgbọ́n tó bá di ká rọ epo, ẹ̀rín á gbẹ lẹ́nu wọn. Epo tó ń gbé àwọn yòókù dé àárín ọ̀sẹ̀ ń gbé Jẹ́jẹ́ dé ìparí ẹ̀, á tún ṣẹ́ kù. Ìyẹn ni ìgbéraga ẹ̀ láyé yìí. Kò nílé, kò nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ pé epo ṣòfò lọ́wọ́ ẹ̀ rí.

Ẹ wá wo irú ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan irú èèyàn bẹ́ẹ̀.

Awọnlẹ̀ ni ọ̀gá ẹ̀. Ilẹ̀ ló ń wọ̀n jẹun, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń wọn gbogbo nǹkan yòókù tó wà láyé ẹ̀. Kì í ṣe ahun o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ó ń sanwó Jẹ́jẹ́ lásìkò, tí ara ọmọ Jẹ́jẹ́ ò bá sì yá, òun ló máa kọ́kọ́ béèrè. Ohun tí ò lè gbà ni kí nǹkan ṣẹlẹ̀ kó má mọ ìdí ẹ̀. Ọkọ̀ méjì ló ní. Òun fúnra ẹ̀ ló ń wa ọkọ̀ akẹ́rù tó fi ń lọ sórí ilẹ̀ tó ń wọ̀n. Jẹ́jẹ́ ló ń wa ọkọ̀ ilé, èyí tó fi ń gbé Màdáàmù, ìyàwó Ọ̀gá, lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, tó sì fi ń gbé e padà nírọ̀lẹ́. Gbogbo àárọ̀ Sátidé, Ọ̀gá á bá Jẹ́jẹ́ lọ sílé epo, wọ́n á rọ ọkọ̀ náà kún dé ọrùn, Ọ̀gá á tẹ nọ́ńbà ìrìn tó wà níwájú ọkọ̀ padà sí òdo, wọ́n á sì máa lọ sílé.

Sátidé kan, Ọ̀gá wo nọ́ńbà, ó wo ẹ̀rọ tó ń ta epo, ó tún padà wo nọ́ńbà.

"Jẹ́jẹ́, ọkọ̀ yìí ń mu epo o."

Ibẹ̀ yẹn ló yẹ kó ti dákẹ́. Tàbí kó ní, "Mi ò mọ̀, sà," ó tán. Ṣùgbọ́n àyà ẹ̀ ti já, ẹnu ẹ̀ sì yá jù ú lọ. "Ó lè jẹ́ táyà, sà. Tí afẹ́fẹ́ táyà bá ti lọ sílẹ̀, ọkọ̀ á máa wọ́ ara ẹ̀, epo á sì máa lọ."

"Òótọ́ nìyẹn," ni Ọ̀gá wí.

Wọ́n yà sọ́dọ̀ fọganáísà, afẹ́fẹ́ táyà méjì sì ti dín kù lóòótọ́. Jẹ́jẹ́ mí kanlẹ̀, ó rò pé òun ti bọ́. Kò mọ̀ pé ilẹ̀kùn kan lòun fọwọ́ ara òun tì yẹn. Torí Jẹ́jẹ́ mọ ibi tí epo ń lọ. Ó mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ orúkọ ìyá tó bí i.

Ó ti tó oṣù mélòó kan tí wọ́n ti dá Màdáàmù dúró lẹ́nu iṣẹ́. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ló jọ kọ̀wé ta ko ọ̀gá àgbà wọn. Ọkọ ẹ̀ ti kìlọ̀ fún un nílé pé, "Má fọwọ́ sí nǹkan kan o." Ó fọwọ́ sí i. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀, àwọn yòókù lọ dọ̀bálẹ̀, wọ́n lọ kúnlẹ̀, òun nìkan ló kù síta. Bẹ́ ẹ bá mọ Ọ̀gá, ẹ ò ní bi mí pé kí ló dé tí Màdáàmù ò fi lè sọ fún un. Ọkùnrin yẹn kì í lu ìyàwó, kì í pariwo, ṣùgbọ́n tí "Ṣebí mo sọ fún ẹ" bá ti bọ́ sí i lẹ́nu, ó lè fi jẹun fọ́dún mẹ́wàá. Ìyàwó ẹ̀ ra ẹ̀rọ ìfọṣọ kan nígbà kan rí, èyí tí Ọ̀gá ní kó má rà. Ẹ̀rọ náà bàjẹ́. Ẹ̀rọ ti di ohun ìgbàgbé, wọ́n ti gbé e tà fún àwọn onírin, síbẹ̀ kò sí ọjọ́ tí wọ́n fọ aṣọ nílé yẹn tí Ọ̀gá ò ní dárúkọ ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n dá a dúró, Màdáàmù múra bó ṣe ń múra, ó gbé báàgì, ó wọ ẹ̀yìn ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n dé ìkóríta tí wọ́n ti ń yà síbi iṣẹ́ ẹ̀, ó ní, "Ẹ má yà."

Jẹ́jẹ́ wo inú dígí. Omijé ti bo ojú obìnrin náà. Látọjọ́ tó ti ń gbé e, "Jẹ́jẹ́, ó yá" ló máa ń sọ. Lọ́jọ́ yẹn, ó pè é ní bọ̀ọ̀dá mi.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ibì kan gbé mi sá sí. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni, mo máa ríṣẹ́ míì. Ẹ búra fún mi pé ẹ ò ní sọ fún ẹnì kankan."

Jẹ́jẹ́ búra. Kí lẹ̀yin ì bá ṣe? Ọmọbìnrin tó lè jẹ́ àbúrò yín ń sunkún lẹ́yìn yín, àwọn ọkọ̀ mìíràn ń fọn fèrè sí yín lẹ́yìn. Ẹ ẹ́ búra ni.

Ẹ̀yìn ilé ìtajà ńlá kan ló gbé e lọ, lápá ibi tí wọ́n ń kó òfìfo páálí jọ sí, tí ẹsẹ̀ èèyàn kì í sábàá dé. Kò sí igi kan ṣoṣo níbẹ̀. Oòrùn á wá síbẹ̀ láàárọ̀, kò sì ní kúrò. Màdáàmù ò lè sọ̀ kalẹ̀ kí ojúlùmọ̀ má bàa rí i, kò sì lè yí gíláàsì sílẹ̀, torí gíláàsì dúdú yẹn ló fi bora. Ọkọ̀ tí wọ́n ti gíláàsì ẹ̀ pa nínú oòrùn, ṣé ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n? Ààrò ni. Àfi kí wọ́n tan éésì. Éésì ò sì ní ṣiṣẹ́ tí ẹ́ńjìnì ò bá ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnì á máa kùn láti àárọ̀ títí Màdáàmù fi máa "jáwọ́ iṣẹ́". Nọ́ńbà ìrìn á dúró sójú kan, epo á máa lọ sílẹ̀. Ọkọ̀ tó ń rìn, bó bá jẹ epo, ó kúkú gbé èèyàn débì kan. Èyí ń jẹ, kò sì lọ síbì kankan.

Jẹ́jẹ́ á jókòó níwájú, Màdáàmù á jókòó lẹ́yìn. Obìnrin náà á máa wá iṣẹ́ lórí fóònù. Á máa fohùn kẹ́lẹ́ dánra wò: "Ẹ káàárọ̀, sà. Ohun tó jẹ́ kí n kúrò níbi tí mo wà tẹ́lẹ̀ ni pé…" Á dúró níbẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Tó bá dọ̀sán, á jẹ oúnjẹ tó gbé wá nínú ike, á nu ẹnu, á pe ọkọ ẹ̀: "Mo fẹ́ wọ mítìn, tó bá yá." Á gbé fóònù sílẹ̀, á máa wo páálí. Jẹ́jẹ́ náà á máa wo páálí. Ẹsẹ̀ ẹ̀ tó lókìkí láàárín àwọn dẹ́rẹ́bà yẹn ò rí nǹkan kan tẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, Màdáàmù ń fi owó tí wọ́n fún un nígbà tí wọ́n lé e rọ epo díẹ̀ sí i kí Sátidé tó pé, ìyẹn ni Ọ̀gá ò fi tètè fura. Nígbà tó yá, owó tán. Ọ̀sẹ̀ kan tó sọ ti di oṣù, oṣù náà ò sì dá wá.

Sátidé tó tẹ̀ lé ti táyà, epo ṣì ń lọ. "Kì í ṣe táyà," ni Ọ̀gá wí, ó sì yíjú sí Jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́ ní ó lè jẹ́ ẹrù, torí ẹrù inú búùtù máa ń dá ọkọ̀ lágara. Wọ́n kó búùtù síta: òpó irin ìwọnlẹ̀, bàtà òjò, àpò sìmẹ́ńtì kan tó ti di òkúta. Epo ṣì ń lọ. Jẹ́jẹ́ ní ó lè jẹ́ fíítà, ìyẹn asẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọnú ẹ́ńjìnì, torí tó bá dí, ẹ́ńjìnì ò ní rí èémí mí, epo lá máa gbé mì. Mẹkáníìkì yọ ọ́, ó gbọ̀n ọ́n, eruku ibẹ̀ tó gbin ẹ̀fọ́. Wọ́n fi tuntun sí i. Epo ṣì ń lọ. Wọ́n pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Wọ́n wo ìdí táǹkì bóyá ó ń jò, ó gbẹ táútáú. Wọ́n wo bírékì bóyá ó ń di táyà mú, táyà ń yí bó ṣe wù ú.

Áà, ọkọ̀ náà ò dáa tó bẹ́ẹ̀ rí látọjọ́ tí wọ́n ti rà á! Bó sì ṣe ń dáa sí i ni ọ̀rọ̀ Jẹ́jẹ́ ń burú sí i. Ohun yòówù kó dárúkọ, wọ́n á tún un ṣe, kò sì ní lè dárúkọ ẹ̀ mọ́. Ẹnu ara ẹ̀ ló fi ń mọ ògiri yí ara ẹ̀ ká.

Tó bá délé, á sọ gbogbo ẹ̀ fún ìyàwó ẹ̀, torí èyí tó wà lọ́kàn ẹ̀ gan-an, kò ṣeé sọ. Onídìrí ni ìyàwó ẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà níwájú ilé wọn. Ìyàwó mẹkáníìkì ń ṣerun níbẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ Màdáàmù náà ń ṣerun níbẹ̀. Èèyàn dáadáa ni obìnrin náà o, mi ò purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹnu ẹ̀ ò ní bírékì. Ọ̀rọ̀ tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn láàárọ̀ ti yí àdúgbò po kó tó dọ̀sán. Nítorí náà, táyà ni Jẹ́jẹ́ sọ fún un, ó sọ ti búùtù, ó sọ ti fíítà.

"Ṣé táǹkì yẹn ò nísàlẹ̀ ni?" ni ìyàwó ẹ̀ bi í, tó ń gbọn irun kúrò lára aṣọ. "Ẹ ní kí Ọ̀gá yín ra kẹ̀kẹ́ fún yín. Kẹ̀kẹ́ ò mọ epo."

Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín tí ò dénú.

Ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì yẹn ni mẹkáníìkì fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ń fi àkísà nu ọwọ́. "Bọ̀ọ̀dá Jẹ́jẹ́, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Kò sí nǹkan kan tó ṣe ẹ́ńjìnì yẹn. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń fà á, ẹ dín in kù. Kò sí dẹ́rẹ́bà tí kì í fa díẹ̀, ṣùgbọ́n tiyín ti pọ̀ jù."

"Èmi?" Inú bí Jẹ́jẹ́. "Èmi, kí n ki rọ́bà bọ táǹkì?"

"Ẹ má bínú sí mi o. Mo kàn ní kẹ́ ẹ dín in kù ni."

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ilé ìtajà, Jẹ́jẹ́ ò yíjú sẹ́yìn. Dígí ló ń bá sọ̀rọ̀. "Màdáàmù, wọ́n ti ń pè mí lólè."

"Mo mọ̀, bọ̀ọ̀dá mi."

"Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, mà, ẹ sọ fún Ọ̀gá."

"Wọ́n ti pè mí síbì kan ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n fẹ́ fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò. Tó bá bọ́ sí i, mo máa sọ ọ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: wọ́n lé mi, mo sì ti rí òmíràn. Kò ní lè rí nǹkan kan sọ sí i. Ẹ ṣáà fún mi di Ọjọ́bọ̀."

Jẹ́jẹ́ nawọ́, ó pa ẹ́ńjìnì, kí epo lè sinmi díẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí ooru fi dé. Páúdà ojú Màdáàmù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, òógùn gba ọrùn aṣọ ẹ̀. Kò bẹ Jẹ́jẹ́, kò sọ pé ooru ń mú òun, ó kàn ń fi ọmọrí ike oúnjẹ fẹ́ ara ẹ̀ tí ojú ẹ̀ wà nílẹ̀. Jẹ́jẹ́ ò lè wò ó. Ó tún tan ẹ́ńjìnì.

Ọjọ́bọ̀ dé. Màdáàmù wọlé síbi tí wọ́n pè é sí, kò sì pẹ́ tó fi jáde. Nígbà tó padà wọ ọkọ̀, ó ní kí Jẹ́jẹ́ máa gbé e lọ sẹ́yìn ilé ìtajà.

Nígbà tó di Ọjọ́ Àìkú, Ọ̀gá gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Ó rọ epo kún, ó dá nìkan wà á lọ sọ́nà jíjìn, ó wà á padà, ó tún un rọ kún láti mọ iye tó mu. Ó ti ránṣẹ́ pe Jẹ́jẹ́ kó tó dé, Jẹ́jẹ́ sì ń dúró dè é nínú ọgbà. Ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀. Kò pariwo, ohùn ẹ̀ ò tiẹ̀ yí padà.

"Ọkọ̀ yìí ò ní àrùn. Epo tó yẹ kó mu ló mu."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó dáa. Níbo ni ìyókù ń lọ?"

Màdáàmù wà nítòsí, ó ń sá aṣọ sórí okùn. Jẹ́jẹ́ wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Obìnrin náà di aṣọ tútù mú, omi ń kán sí i lẹ́sẹ̀. Bí Jẹ́jẹ́ bá sọ ọ́, ó ti tú aṣọ lára obìnrin yìí lójú ọkọ ẹ̀, ó sì ti búra. Bí kò bá sọ ọ́, olè ni. Ó ronú títí orí fi fẹ́ fọ́ ọ, kò rí ọ̀nà kẹta.

"Mi ò jí i, sà. Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò jí i."

"Ṣé mo ní o jí i ni? Ibi tó ń lọ ni mo bi ẹ́." Ọ̀gá ti ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ó ní, "Kò burú. Mo máa bá yín jáde lọ́la. Inú ọkọ̀ ni mo máa jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́, mo máa fojú ara mi rí i."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Màdáàmù múra iṣẹ́. Kí ló tún fẹ́ ṣe? Ó gbé báàgì, ó wọ ẹ̀yìn. Ọ̀gá jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jẹ́jẹ́. Wọ́n dé ìkóríta, Jẹ́jẹ́ dẹ ẹsẹ̀ pátápátá, ó ń wo dígí, ó ń retí kí obìnrin náà sọ̀rọ̀. Ìta ni Màdáàmù ń wò. Jẹ́jẹ́ yà.

Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì ilé iṣẹ́ náà gan-an. Màdáàmù ṣílẹ̀kùn, ó ní, "Ó dìrọ̀lẹ́ o," ó sì bọ́ sílẹ̀. Jẹ́jẹ́ ti ki jíà, ó fẹ́ tètè gbé ọkọ̀ kúrò níbẹ̀ kí obìnrin náà lè ríbi yà sí. Ọ̀gá gbọ́wọ́ lé ọwọ́ ẹ̀.

"Ìkánjú kí ni? Jẹ́ kó wọlé ná. Pa ẹ́ńjìnì, epo lò ń fi ṣòfò yẹn."

Jẹ́jẹ́ pa á. Éésì dákẹ́, ooru wọlé. Ọ̀gá yí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ dé ìdí kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i. Níbi tí gbogbo ẹ̀ ti pa rọ́rọ́ báyìí ni wọ́n ti gbọ́ ohùn ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì.

"Háà, Màdáàmù! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà! Ẹ pa wá tì látìgbà tẹ́ ẹ ti kúrò o!"

Màdáàmù sọ nǹkan kan kẹ́lẹ́ tí wọn ò gbọ́.

"Ẹ ò ní bínú, mà. Wọ́n ní ẹnì kankan ò gbọdọ̀ wọlé nínú àwọn tí wọ́n ní kó máa lọ. Tí mo bá jẹ́ kẹ́ ẹ kọjá, èmi náà ti bá yín lọ nìyẹn. Ẹ ṣáà mọ̀ pé mo fẹ́ràn yín, mà. Ẹ má bínú."

Obìnrin náà dúró síwájú géètì, báàgì lọ́wọ́. Kò lè wọlé. Kò sì lè yíjú padà, torí ó mọ ẹni tó wà lẹ́yìn òun.

Ọ̀gá yíjú sí Jẹ́jẹ́. "O mọ̀?"

"Mo mọ̀, sà."

"Níbo lẹ máa ń wà?"

Jẹ́jẹ́ sọ fún un: ẹ̀yìn ilé ìtajà, oòrùn, gíláàsì, éésì. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò gùn. Ọ̀gá ń mi orí díẹ̀díẹ̀, torí ìṣirò ẹ̀ ti bára mu wàyí, gbogbo epo tó ń wá ló ti rí. Ojú ẹ̀ pọ́n.

"Gbogbo àárọ̀ lò ń kí mi ẹ káàárọ̀ sà. Ìyàwó mi ń sunkún lẹ́yìn ẹ, o mọ̀. Èmi tí mo fẹ́ ẹ, mi ò mọ̀."

"Wọ́n ní kí n búra ni, sà."

"Ká ní epo lo jí ni, Jẹ́jẹ́, ǹ bá dárí jì ẹ́. Mo lè bá olè ṣe. Ṣùgbọ́n èèyàn tó mọ ohun tí mi ò mọ̀ nínú ilé mi, mi ò lè jókòó tì í." Ó nawọ́. "Kọ́kọ́rọ́."

Jẹ́jẹ́ fún un.

"Ohun tó o rí yìí, mi ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kankan."

"Ẹ ò ní gbọ́ ọ, sà."

Jẹ́jẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Màdáàmù kọjá lára ẹ̀, kò lè wò ó lójú, ó wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ọ̀gá bọ́ sídìí ọkọ̀, ó tẹ tọ́tù kanlẹ̀, ọkọ̀ ké, wọ́n lọ. Jẹ́jẹ́ fẹsẹ̀ rìn délé nínú oòrùn.

Ìyàwó ẹ̀ ń di irun lọ́wọ́ nígbà tó wọlé. Ìyàwó mẹkáníìkì ló wà lórí àga. Bó ṣe rí Jẹ́jẹ́, ó tẹjú mọ́lẹ̀, ó ń wo èékánná ẹ̀.

"Bàbá wọn, kí ló dé tẹ́ ẹ wà nílé lọ́sàn-án?" Ìyàwó ẹ̀ gbé kóòmù sílẹ̀, ó tẹ̀ lé e wọ yàrá. Kọ́tìnnì nìkan ló wà láàárín wọn àti ṣọ́ọ̀bù.

"Wọ́n ní kí n máa lọ."

"Yéè! Kí lẹ ṣe?"

Jẹ́jẹ́ jókòó sétí ibùsùn. Ọ̀rọ̀ tí ì bá tú u sílẹ̀ ò ju gbólóhùn kan lọ. Ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ bí àga ṣe ń dún lẹ́yìn kọ́tìnnì, tí ẹni tó wà lórí ẹ̀ ń sún mọ́ wọn. Ó mọ ìyàwó ẹ̀, ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa dé kí ilẹ̀ tó ṣú.

"Ọ̀rọ̀ epo yẹn náà ni," ló wí.

"Epo kẹ̀? Ṣebí ẹ ti fẹ́ táyà?"

"A ti fẹ́ ẹ."

"Ṣebí ẹ ti kó ẹrù búùtù, ẹ ti fi fíítà tuntun sí i? Ẹ ní táǹkì ò jò?"

"Kò jò."

"Kí ló wá ń mu epo náà, Bàbá wọn?"

Jẹ́jẹ́ gbójú sókè wò ó. Ó fẹ́ kí ìyàwó òun wo ojú òun, kó mọ̀ pé òun ò jí nǹkan kan, kó má ṣẹ̀ṣẹ̀ bi òun. Ọdún tí wọ́n ti jọ ń gbé kì í ṣe kékeré. Ìyàwó ẹ̀ náà wò ó títí, nígbà tó sì yá, ó gbójú kúrò.

"Ẹ sinmi. Oòrùn ti pa yín," ló wí. Ohùn tó fi ń bá àwọn oníbàárà tí ò mọ̀ rí sọ̀rọ̀ ló fi sọ ọ́.

Ó yí padà, ó ń lọ. Ó dé ẹnu kọ́tìnnì, ó dúró. Ó padà wá síbi ibùsùn, ó mú pọ́ọ̀sì owó ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí Jẹ́jẹ́ jókòó sí, ó fi há abíyá, ó sì jáde.